Bí A Ṣe Ń Wo Ère Igi Ẹni Mímọ́ Àtijọ́, Tí A sì Ń Tọ́jú Rẹ̀ Láìfi Omi Kàn Án

Ẹni tí ó bá dàgbà nídìí ère ìbejì mọ̀ pé wíwẹ̀ ni ìtọ́jú ère. Ìyá ìbejì a máa fi omi àti ọṣẹ wẹ ère ọmọ rẹ̀ tí ó ti lọ, a fi osùn pa á lára, a sì fi wájì kùn ún lórí, títí tí imú àti ojú ère náà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jó tán, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ pé wọ́n bà á jẹ́. Àṣà yìí bá ère tí igi rẹ̀ wà ní gbangba mu. Ère ẹni mímọ́ tí a ń bá pàdé nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà àtijọ́ ní Spéìn, ní Pọ́túgàl àti ní Bràsíl kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí pé igi kọ́ ni ojú ń rí lára rẹ̀. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí a fi ẹfun, àtè, wúrà àti ọ̀dà ṣe, omi sì lè tú u kúrò lára igi kí ìsìn ọ̀sán tó parí.

Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀, ní ilé ìjọsìn kan tí n kò ní dárúkọ. Ọdún ẹni mímọ́ wọn ku ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ìyá ìjọ sì gbé ère rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Aṣọ tí wọ́n fi ń nù ún kọ́kọ́ dúdú nítorí èéfín àbẹ́là, inú gbogbo wa sì dùn pé ìdọ̀tí ń lọ. Nígbà tí ó ṣe, aṣọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ẹni tí ó mú garawa lọ́wọ́ ni ó kọ́kọ́ figbe ta, nítorí pé omi inú rẹ̀ ti funfun bí omi ògì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sì ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹfun tí ó ti wà lára ère náà láti ayé àwọn baba ńlá wọn ni ó wà nínú garawa yẹn. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, kò sí ìwà ìkà kankan níbẹ̀. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni ohun tí ó wà lábẹ́ ọ̀dà.

Nítorí náà, ibẹ̀ ni kí á ti bẹ̀rẹ̀. Igi ni ó kọ́kọ́ wà. Ní gúúsù Jámánì, igi linden ni àwọn agbẹ́gilére yàn láàyò nítorí pé ó rọ̀ lábẹ́ irin. Ní Seville, ìlú kan ní Spéìn, àti ní Bràsíl, igi cedro ni ó gbajúmọ̀, igi olóòórùn dídùn tí kòkòrò kì í tètè sún mọ́. Bí ère bá tóbi, wọ́n á gbẹ́ inú rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn kí ó lè ṣófo, nítorí pé àárín igi àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í gbẹ ní ìwọ̀n kan náà, bí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀ ní odindi, yóò là láti òkè dé ilẹ̀. Ní Minas Gerais, ìpínlẹ̀ kan ní Bràsíl, ìtàn gbilẹ̀ pé inú irú ère bẹ́ẹ̀ ni àwọn afàyàwọ́ ń kó eruku wúrà sí kí àwọn agbowó-orí ọba Pọ́túgàl má baà rí i, débi pé títí di òní “santo do pau oco”, ẹni mímọ́ inú igi ihò, ni àwọn ará Bràsíl ń pe alágàbàgebè. Ìtàn náà dùn létí. Síbẹ̀, bí ẹ bá rí ère tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, ọgbọ́n agbẹ́gilére ni kí ẹ kọ́kọ́ rò kí ẹ tó ro olè.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbẹ́ igi tán, wọ́n á lẹ aṣọ ọ̀gbọ̀ mọ́ ojú oríkèé tí apá àti orí ti pàdé ara, wọ́n á sì fi ẹfun tí a pò mọ́ àtè awọ ẹran kùn ún ní ìpele-ìpele, tí wọ́n á máa fá a, tí wọ́n á máa dán an, títí yóò fi mọ́lẹ̀ bí eyín erin. Níbi tí aṣọ ẹni mímọ́ náà yóò wà, amọ̀ pupa kíkúnná ni wọ́n ń tẹ́ sí i, orí amọ̀ yìí ni wọ́n ń lẹ wúrà tí afẹ́fẹ́ ẹnu lásán lè gbé lọ mọ́, wọ́n á sì fi òkúta agate tàbí eyín ajá dán an. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ó ń yà mí lẹ́nu jù lọ. Gbogbo wúrà yẹn ni wọ́n ń fi ọ̀dà bò mọ́lẹ̀, pupa tàbí búlúù tàbí àwọ̀ ewé, wọ́n á wá fi ṣóńṣó igi họ ọ̀dà náà ní òdòdó, ní ìlà àti ní àmì bíńtín-bíńtín kí wúrà lè máa yọjú láti abẹ́. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn afíngbá Ọ̀yọ́ níbi iṣẹ́ kò ní nílò àlàyé púpọ̀. Estofado ni àwọn ará Spéìn ń pè é, orúkọ tí wọ́n fà yọ láti inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe aṣọ, nítorí pé aṣọ olówó iyebíye ni wọ́n ń sín jẹ. Ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kì í gba wúrà. Ọ̀dà olóròóró ni wọ́n fi ń kùn wọ́n kí wọ́n lè jọ ara ènìyàn.

Ẹni tí ó gbẹ́ ère sábà máa ń yàtọ̀ sí ẹni tí ó kùn ún, ní Seville ọ̀rúndún kẹtàdínlógún sì rèé, òfin ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́ ni ó pín iṣẹ́ náà sí méjì. Juan Martínez Montañés ni ó gbẹ́ Jésù orí àgbélébùú tí wọ́n ń pè ní Cristo de la Clemencia láàárín 1603 sí 1606, Francisco Pacheco, tí ó di ọ̀gá àti àna ayàwòrán Velázquez lẹ́yìn náà, ni ó sì kùn ún; Katidírà Seville ni ère náà wà títí di òní. Nígbà tí ó yá, Montañés gba iṣẹ́ kan tí ó kó gbígbẹ́ àti kíkùn pọ̀, tí ó sì mú èyí tí ó pọ̀ nínú owó rẹ̀. Inú bí Pacheco, ó sì kọ ìwé ta kò ó ní 1622. Mo mẹ́nu ba ìjà yìí kí ẹ lè mọ̀ pé oníṣẹ́ méjì ni ó ni ère kan, àti pé ẹni tí ó bá fi omi bó ọ̀dà rẹ̀ ti pa iṣẹ́ ọ̀kan nínú wọn rẹ́ pátápátá.

Kí n sọ èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: ìmọ̀ràn inú àpilẹ̀kọ yìí kò kan àwọn ilẹ̀kùn tí Lamidi Fakeye gbẹ́ fún ilé ìjọsìn Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ó ti ìdí ilé-iṣẹ́ Oye-Èkìtì jáde nígbà ayé Fadá Kevin Carroll. Ojú igi ni ó wà lóde lára wọn, ìtọ́jú igi ni wọ́n sì ń fẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ wo ère, ẹ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ Fadá tàbí ẹni tí ó ń tọ́jú ibi mímọ́, kí ẹ má sì gun pẹpẹ láti sún mọ́ ọn. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kékeré kan dání. Ẹ má tàn án sí ojú ère tààrà, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tí ó bá dojú kọ nǹkan máa ń bo àléébù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ dúró sí, kí ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ náà rá lórí aṣọ rẹ̀ bí oòrùn àárọ̀ ṣe ń rá lórí ilẹ̀. Nígbà náà ni ẹ óò rí ohun tí ojú lásán kò rí: ibi tí ọ̀dà ti gbé etí sókè bí ìpẹ́ ẹja, ibi tí ó ti wú bí ẹni pé afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀, àti ìlà tínrín tí ó yí ọrùn tàbí ọwọ́ po níbi tí wọ́n ti so igi mọ́ igi. Níbi tí ọ̀dà bá ti ṣán, ẹ wo etí ojú ṣíṣán náà dáadáa. Bí ẹ bá rí funfun lẹ́yìn àwọ̀ kan ṣoṣo, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ̀dà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá rí àwọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n gun ara wọn bí èèpo àlùbọ́sà, iye ìgbà tí wọ́n ti tún un kùn ni ẹ ń kà yẹn.

Ẹ wo bí ara rẹ̀ ṣe ń dán. Àwọn kan fẹ́ràn ojú tí ń kọ mànà bí àwo tánganran. Pacheco ní tirẹ̀ gbà pé ojú tí kò dán ni ó jọ ara ènìyàn alààyè, mo sì gbè é lẹ́yìn. Ẹ wo ẹyinjú, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ère ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àti ti kejìdínlógún, gíláàsì ni, tí wọ́n gba inú orí kì bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó lẹ ojú padà. Agbẹ́gilére Gregorio Fernández ti ìlú Valladolid ní Spéìn kò dúró síbẹ̀: nínú àwọn ère Jésù tí a tẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ikú, ìwo màlúù ni ó fi ṣe èékánná, ó sì fi èèpo igi kọ́ọ̀kì tí a fi ọ̀dà pupa kùn ṣe ẹ̀jẹ̀ dídì. Nítorí náà, ohun ṣákaṣàka tí ẹ bá rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọgbẹ́ lè má jẹ́ ìdọ̀tí. Bákan náà ni àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ ti tán, tí igi sì ń dán níbẹ̀: ètè àti ìka ọwọ́ àwọn olùfọkànsìn ni ó fá a, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa wá ọ̀dà tí yóò fi dí i.

Etí aṣọ àti ìsàlẹ̀ ère tún yẹ ní wíwò, torí pé ibẹ̀ ni lẹ́tà máa ń fara pamọ́ sí. Luisa Roldán, obìnrin tí ó di agbẹ́gilére ọba Spéìn ní 1692, gbẹ́ ère Ginés de la Jara kan tí ó wà ní Ilé Ọnà Getty ní Los Angeles báyìí, Tomás de los Arcos sì kùn ún. Orúkọ ẹni mímọ́ náà ni a kọ léraléra yí etí ẹ̀wù rẹ̀ ká, ẹni tí kò bá sì bẹ̀rẹ̀ wò ó yóò rò pé iṣẹ́ ọnà lásán ni.

Láti mọ ẹni mímọ́ tí ère jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò ṣáájú ojú rẹ̀. Pétérù ní kọ́kọ́rọ́. Antóníò ará Pádúà gbé ọmọdé Jésù lọ́wọ́, Lusíà gbé ẹyinjú méjì sínú àwo, Róókù sì ń fi egbò itan rẹ̀ hàn, ajá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, ṣọ́ọ̀ṣì Nossa Senhora do Rosário dos Pretos wà ní Pelourinho. Ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1685 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1704. Àwọn ẹni mímọ́ aláwọ̀ dúdú ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn, bíi Bẹnẹdíìtì, Antóníò ti Categeró, àti Ifigênia tí ó máa ń gbé ilé tí iná ń jó lọ́wọ́. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì yìí náà ni ọ̀pọ̀ èrò ti máa ń wọ pupa àti funfun ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá, ọjọ́ Santa Bárbara. Ilé ìṣọ́, idà àti ife ni ẹ óò fi mọ̀ ọ́n. Ààrá ni ìtàn sọ pé ó pa bàbá rẹ̀ tí ó bẹ́ ẹ lórí, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia fi rí Ọya lára rẹ̀, tí àwọn ti Kúbà sì rí Ṣàngó. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Idà a máa sọnù, wọ́n sì lè fi ọ̀pá ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ihò tí ó wà ní àtẹ́lẹwọ́ àti bí ìka ṣe tẹ̀ ni yóò sọ fún yín ohun tí ó dì mú ní ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Bí ojú yín bá ti ń là, ẹ lọ sí Congonhas ní Minas Gerais bí Ọlọ́run bá ṣe ọ̀nà. Aleijadinho, ọmọ tí obìnrin Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú bí fún ayàwòrán-ilé ará Pọ́túgàl kan, gbẹ́ ère cedro 66 níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ láàárín 1796 sí 1799, Manuel da Costa Ataíde sì wà lára àwọn tí wọ́n kùn wọ́n. Ẹ fi ojú Jésù wé ojú àwọn ọmọ ogun Róòmù tí wọ́n yí i ká. Ẹni tí ó bá ti jókòó nídìí ọ̀gá agbẹ́gilére rí yóò mọ ibi tí ọ̀gá ti gbé irin sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́.

Ní ti ìtọ́jú, eruku nìkan ni mo gbà kí ẹni tí kì í ṣe amọṣẹ́ mú kúrò lára ère, kó sì jẹ́ níbi tí ọ̀dà ti dì mọ́ igi pinpin. Búrọ́ọ̀ṣì onírun ewúrẹ́ tí ó rọ̀ ni kí ẹ lò, ní gbígbẹ, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ fífúyẹ́. Kò sí ọṣẹ, kò sí òróró ólífì, kò sí itọ́, kò sí ọtí, kò sì sí aṣọ tútù tí a fún dáadáa. Ibi tí ìpẹ́ ọ̀dà bá ti gbé etí sókè, ẹ má dé ibẹ̀ rárá; eruku tí ó wà níbẹ̀ lè jẹ́ ohun tí ó kù tí ó so ó ró. Bí ìpẹ́ kan bá já bọ́, ẹ fi bébà gbé e sínú àpòòwé, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ó ti já sí i lára, nítorí pé amọṣẹ́ lè dá a padà sí ibi tí ó ti wá.

Ọ̀rọ̀ kòkòrò gba sùúrù. Ìyẹ̀rosùn tí babaláwo ń tẹ̀ lójú ọpọ́n, iṣẹ́ ẹnu kòkòrò tí ó ń jẹ igi ìrosùn ni, nítorí náà kò yẹ kí ó ṣòro fún wa láti dá ìyẹ̀ igi mọ̀ bí a bá rí i lẹ́sẹ̀ ère. Ihò tí ó ti pẹ́ a máa dúdú nínú. Èyí tí ó jẹ́ tuntun a máa mọ́, etí rẹ̀ a sì mú. Láti mọ̀ bóyá kòkòrò ṣì wà láàyè, ẹ gbá ìsàlẹ̀ ère mọ́, kí ẹ tẹ́ bébà dúdú sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ kọ déètì sí etí bébà náà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún oṣù kan. Bí ẹ bá padà wá bá òkìtì kékeré ìyẹ̀ funfun lórí rẹ̀, ẹ ya ère náà sọ́tọ̀ kúrò láàárín àwọn yòókù, kí ẹ pe amọṣẹ́. Ẹ má fín oògùn kòkòrò tí a ń rà lọ́jà sí i, nítorí pé èròjà inú rẹ̀ lè tú ọ̀dà tàbí kí ó sọ wúrà di aláìdán. Àwọn amọṣẹ́ lè dì í sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kí wọ́n fi nitrogen rọ́pò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí kòkòrò yóò fi kú, láìsí pé ohun kan kan ọ̀dà.

Igi a máa wú nígbà ọ̀rinrin, a sì máa sún kì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹfun tí ó wà lórí rẹ̀ kò lè bá a ṣe bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìbó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyípadà òjijì ni ọ̀tá. Ògiri nípọn ti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kì í jẹ́ kí ojú ọjọ́ inú ilé yára yí padà, ìgbà tí wọ́n bá wá gbé ẹ̀rọ amúlétutù tuntun wọlé tí wọ́n ń tàn án ní ọjọ́ Àìkú nìkan ni ère máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ẹ gbé àbẹ́là, ìkòkò òdòdó àti gílóòbù tí ń gbóná jìnnà sí i.

Ní ti kíkùn lákọ̀tun, mo mọ̀ pé ojú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni a máa ń kùn kí ọdún tó dé, kò sì sí ẹni tí ó ń bínú. Àwọn onígbàgbọ́ àtijọ́ náà tún ère wọn kùn lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà mìíràn lọ́nà tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá fá a láti wá ọ̀dà àkọ́kọ́ yóò ba iṣẹ́ rere jẹ́. Ọ̀dà ilé òde òní ni n kò lè fara mọ́. Ní 2018, ère Jọ́ọ̀jì Mímọ́ ti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún tí ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì San Miguel ní Estella, ní Navarra ní Spéìn, di ohun tí gbogbo ayé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ún bí ohun ìṣeré ọmọdé. Àwọn amọṣẹ́ fi oṣù púpọ̀ yọ ọ̀dà náà ní 2019, ṣùgbọ́n apá kan nínú ọ̀dà àtijọ́ ti bá a lọ.

Kí ẹ tó gbé ère fún ìdí yòówù kó jẹ́, ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wọn gíga rẹ̀, kí ẹ kọ gbogbo ojú ibi tí ó ti ṣán sílẹ̀. Bí olè bá gbé e, ìwé yìí ni ọlọ́pàá yóò béèrè, nítorí pé láìsí fọ́tò, ó ṣòro kí Interpol, àjọ ọlọ́pàá àgbáyé, tó lè fi í sínú àkójọ ohun ọnà tí a jí. Ẹ kọ́kọ́ yọ adé, idà àti ohun gbogbo tí ó bá ń mì. Ènìyàn méjì ni kí ó gbé e, láti ìsàlẹ̀ àti ẹ̀yìn. Ẹ má fi apá gbé e, nítorí pé èèkàn igi kékeré ni ó so apá náà mọ́ èjìká. Ìbọ̀wọ́ onírọ́bà ni ó dára, torí pé ti òwú a máa kọ́ ìpẹ́ ọ̀dà.

Bí ó bá jẹ́ ìwọ́de ni ère ń lọ, ojú sánmà ni kí ẹ wò kẹ́yìn. Ní Seville, àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ń gbé ère wọn yí ìlú ká ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ a máa múra fún odindi ọdún kan. Bí òjò bá ṣú, wọ́n a ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ère kò ní jáde, ẹ óò sì rí àgbàlagbà ọkùnrin nínú aṣọ ẹgbẹ́ tí ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.